Bí oúnjẹ ọ̀sán ṣe ń dé iwájú ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà

Ní Íńgílándì, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, gbogbo ọmọ Reception (kíláàsì tó ṣáájú Year 1), Year 1 àti Year 2 ní ilé ìwé ìjọba ló ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Year 6. Ohun tí ìyá mọ̀ nípa ara ọmọ rẹ̀ ní láti rìn láti ilé dé ọwọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ, ẹni tí ìyá náà lè má rí rí.

Fọ́ọ̀mù ìwọlé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibì kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ti ń béèrè oúnjẹ tí ọmọ kì í jẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń da nǹkan mẹ́ta pọ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí Mùsùlùmí kì í jẹ, èèwọ̀ ni. Wàrà tó ń run ọmọ nínú, tó ń jẹ́ kó máa ya ìgbẹ́ gbuuru, inú rẹ̀ ni kò gbà á. Ẹ̀pà tó ń mú ètè wú, tó sì ń dí ọ̀nà ọ̀fun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ara ló kọ̀ ọ́. Kò yẹ kí èyíkéyìí nínú wọn dé inú abọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta yìí lè gbẹ̀mí ọmọ kí áńbúláǹsì tó dé. Nítorí náà, “kì í jẹ ẹ̀pà” kò tó láti kọ. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó jẹ ẹ́, bó ṣe kéré tó, àti bó ṣe pẹ́ tó kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Láti inú èyí ni wọ́n ti ń ṣe ìwé ètò ìtọ́jú ọmọ náà, ojú ewé kan péré: fọ́tò rẹ̀, ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, àmì tí wọn yóò rí, oògùn àti ibi tó wà, nọ́ńbà òbí. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ló yẹ kó jẹ́rìí sí i. Ẹ̀dà kan á wà ní kíláàsì, ọ̀kan ní ọ́fíìsì, ọ̀kan ní ilé ìdáná. Ẹ̀dà kẹta yìí ló sábà máa ń sọnù, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, kọngílá ló gba iṣẹ́ oúnjẹ. Àwọn alásè ń dáhùn sí ọ̀gá mìíràn, ìwé tí òbí fún ọ́fíìsì sì lè wà nínú fáìlì níbẹ̀ fún oṣù méjì láìdé ọ̀dọ̀ wọn. Òbí tó bá gbọ́n yóò béèrè pé kí òun àti olórí alásè jọ fojú kanra.

Nǹkan 14 ni òfin sọ pé ilé ìdáná gbọ́dọ̀ lè dárúkọ bó bá wà nínú oúnjẹ: ẹ̀pà, kajú, ámọ́ńdì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, wàrà, ẹyin, ẹja, edé àti akàn, ìgbín àti ìṣáwùrú, yànmọ̀tí, sóyà, àlìkámà, báálì àti àwọn ọkà mìíràn tó ní gluten (èròjà tó ń mú ìyẹ̀fun fà), mústádì, celery (ewébẹ̀ kan), lupin (irúgbìn kan bí ẹ̀wà), àti sulphite (kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa oúnjẹ mọ́) tó bá ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kílò kan. Ègúsí kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ègúsí ni ara ọmọ kọ̀, òbí ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì ṣàlàyé ohun tó jẹ́, torí alásè ibẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n rárá.

Alásè a ya àtẹ kan: oúnjẹ ọ̀sẹ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́, nǹkan 14 yẹn ní òkè, a sì fi àmì sí ibi tó bá yẹ. Àtẹ yìí dára, àmọ́ ọjà tí wọ́n fi ṣe é nìkan ló mọ̀. Ká ní sọ́séèjì tí wọ́n máa ń rà tán lọ́wọ́ oníṣòwò, tó sì fi òmíràn ránṣẹ́ ní agogo méje àárọ̀. Àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n mústádì wà nínú tuntun yìí. Bí alásè kò bá yí páálí rẹ̀ padà kó ka ẹ̀yìn rẹ̀, àtẹ á máa parọ́ lára ògiri títí di ọ̀sán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ka ẹ̀yìn páálí lójoojúmọ́, àní ọjà tí wọ́n ti ń rà láti ọdún mẹ́ta. Kóró màgí pàápàá gba kíkà, torí celery, àlìkámà tàbí sóyà sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Oúnjẹ ọmọ náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ sè, kí ìyẹ̀fun tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri. Ìkòkò, ọ̀bẹ àti pátákó rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Wọ́n á bò ó, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Iná kì í pa ohun tí ara kọ̀: òróró tí wọ́n fi dín ẹja, ẹja ti wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó gbóná tó. Níbi ìbu-oúnjẹ, fọ́tò ọmọ náà máa ń wà lẹ́yìn káńtà, abọ́ rẹ̀ sì lè ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń bu oúnjẹ a pe orúkọ, a wo ojú, kó tó na abọ́. Kí wọ́n má béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọdún márùn-ún pé ṣé ó lè jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ kéèkì ni, bẹ́ẹ̀ ni ló máa dáhùn. Ọjọ́ tí alásè tàbí olùkọ́ adelé bá wá ló léwu jù, torí náà kí wọ́n fi ìwé ọmọ náà hàn án kó tó bọ́ kóòtù.

Oúnjẹ tí wọ́n gbé wá láti ilé ní ọ̀nà tirẹ̀. Chin-chin: àlìkámà, wàrà, ẹyin. Mọ́ínmọ́ín: ẹyin, ẹja, edé lílọ̀. Irú tí wọ́n fi sóyà ṣe wà lọ́jà, ojú kò sì dá a mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ti fi òfin de ẹ̀pà pátápátá. Ìyẹn ń fọkàn àwọn òbí balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí kò kan ọmọ tó jẹ́ pé wàrà ni tirẹ̀. Kí ọmọ má fi oúnjẹ fún ọmọ ló ṣe pàtàkì jù, àti kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Jẹ́ẹ̀lì apakòkòrò kì í mú ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́. Kíláàsì náà kò yọ sílẹ̀: amọ̀ ìṣeré sábà máa ń ní àlìkámà, páálí ẹyin sì máa ń wọ inú iṣẹ́ ọnà.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀: ohùn tó há, ikọ́ tí kò dáwọ́ dúró, ahọ́n tó wú, èémí tó ń dún fée, òòyì, tàbí ọmọ tó ṣàdédé rọ jọwọrọ. Ara lè má yọ nǹkan kan o. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí èémí bá há a, kó jókòó, kó na ẹsẹ̀. Kó má dìde rìn, bó tiẹ̀ ní ara ti yá. EpiPen (péènì abẹ́rẹ́ tí oògùn adrenaline wà nínú rẹ̀): ẹ fa ìdérí búlúù kúrò, ẹ ki ẹnu rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ òde itan, aṣọ kò dí i lọ́wọ́, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 3. Ẹ pe 999, kí ẹ sọ “anaphylaxis”, orúkọ tí wọ́n ń pe ìkọ̀ ara tó le báyìí. Bí kò bá tíì yàtọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ fún un ní ìkejì. Bó bá ní ikọ́ fée, adrenaline ló ń ṣáájú, kí oògùn ìfàsímú tó tẹ̀lé e.

Péènì méjì ló yẹ kí ọmọ ní nílé ìwé, níbi tí ọwọ́ á ti tètè dé, kì í ṣe nínú àpótí tí wọ́n tì pa, kì í sì í ṣe nínú fíríìjì. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ilé ìwé lè ra ti ìpamọ́ láìsí ìwé dókítà: máíkírógíráàmù 150 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, 300 fún ọdún mẹ́fà sí méjìlá. Bí kíláàsì bá jáde lọ ìrìn àjò, péènì ọmọ náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ kọ àkókò tí ẹ lò ó sílẹ̀, kí ẹ fi péènì tó ti ṣiṣẹ́ lé àwọn áńbúláǹsì lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ni ọmọ ń lọ, àní bó ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí ìkọ̀ ara náà lè tún padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.