Ẹ Mójú Kúrò Lára Ọwọ́ Ọ̀bọ, Ẹ Gbọ́ Ohun tí Ọmọ Sọ

Ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá fún àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi ní Sábó, Ìkòròdú, ní ìtàn ọwọ́ ọ̀bọ tí W. W. Jacobs kọ ní 1902, ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń kọ wá: "Àyànmọ́ ò gbóògùn. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a má ṣoògùn owó." Àwọn tó ń ta ìwé pélébé lẹ́nu géètì ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ka ìtàn náà rí ló jókòó kọ ìdáhùn, tó ń gbowó ọmọlọ́mọ! Ìyá kan tilẹ̀ ta òróró sára ìwé kó tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣí i.

Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ fetí sí mi. Bàbá ilé, Ọ̀gbẹ́ni White, ní ọwọ́ ọ̀bọ gbígbẹ tí wọ́n fi oògùn sí lọ́wọ́, ó lè fi tọrọ nǹkan mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó máa tọrọ. Ó ní ó jọ pé òun ti ní gbogbo ohun tí òun fẹ́. Ta ló wá dárúkọ owó? Herbert, ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní kí bàbá òun tọrọ 200 pọ́n-ùn, kí wọ́n fi san gbèsè ilé tó kù. Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, ó tún tẹ dùùrù sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó há sínú ẹ̀rọ níbi iṣẹ́, ó sì kú. Aṣojú iléeṣẹ́ dé, ó ní àwọn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n nítorí iṣẹ́ tó ti ṣe fún àwọn, àwọn mú nǹkan wá fún òbí rẹ̀. Èló? 200 pọ́n-ùn géérégé. Ọmọ ló fi ẹnu ara rẹ̀ bu iye tí wọ́n san lórí òkú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni irony wà, ìyẹn kí ọ̀rọ̀ ẹni yí padà di òdìkejì ohun tí a rò, kò sí lára irun ọ̀bọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tọrọ owó yẹn, Herbert ní òun ò rí owó kankan, òun lè ta tẹ́tẹ́ pé òun ò ní rí i láé. Kò sì rí i. Ẹni tó mọ̀wé kà á ti gbọ̀n níbẹ̀, tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó tọrọ pé kí òkú ọmọ náà jí, kí ẹnikẹ́ni sì tó kan ilẹ̀kùn lóru. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ Odogunyan máa ń dákẹ́ lọ gbári tí a bá kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn. Ẹ tún wò ó: sọ́jà tó gbé ọwọ́ ọ̀bọ náà ti Íńdíà wá ti jù ú síná. White fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ jáde.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. Wòlíì kan sọ fún ìyá ọmọbìnrin kan tó wà lọ́dọ̀ mi pé ọmọ náà ò ní yege WAEC. Ọmọ yìí mọ̀wé, èmi ni mo ń máàkì iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá gbé e lọ sórí òkè: àwẹ̀, ìṣọ́ òru. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀, a ti ka ìwé tán, a ti tún un kà. Ọmọ wọ ìdánwò pẹ̀lú ojú tó ti jìn wọ inú, ó sùn lé tábìlì. F9 ló gbà. Ìyá wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ ò rí i bí? Wòlíì ríran." Ó ti lọ fún wòlíì lówó ọpẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, bí wọ́n bá tún ríran sí yín, ẹ gbàdúrà yín nílé lálẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ wà níwájú mi pẹ̀lú ìwé rẹ̀.