Àfọwọ́rá nínú ṣọ́ọ̀bù àti ọ̀dọ́ tó ti pé ọmọ ọdún 18 lábẹ́ òfin Nàìjíríà

Àfọwọ́rá nínú ṣọ́ọ̀bù ni kí oníbàárà mú ọjà lórí pẹpẹ ìtajà, kí ó sì fẹ́ gbé e lọ láìsanwó. Òfin Nàìjíríà kò fún un ní orúkọ tirẹ̀. Olè jíjà ni, ẹ̀sùn kan náà tí wọ́n ń kà sí ẹni tó jí ewúrẹ́ tàbí fóònù lẹ́sẹ̀. Ní ìhà gúúsù, láti ọmọ ọdún 18 ni òfin ti ń ka ènìyàn sí àgbà, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, tó ki ìpara bọ àpò, yóò jẹ́jọ́ níwájú adájọ́ kan náà pẹ̀lú baba ẹni ogójì ọdún. Òfin ìhà gúúsù, Èkó pàápàá, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ohun tí òfin kà sí olè jíjà

Abala 383 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916, sọ pé ẹni tó bá fi ẹ̀tàn mú ohun tó ṣeé jí ti jalè. Ọ̀kan nínú èrò tí òfin ń wá lọ́kàn ẹni náà ni pé kí olóhun má rí ohun rẹ̀ gbà mọ́ títí láé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ènìyàn kò bá tíì jáde lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò tíì jalè. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá ti ṣí ọjà nípò pẹ̀lú èrò búburú, iṣẹ́ ti parí. Bí ọmọbìnrin kan bá yọ ìgò lọ́fínńdà nínú páálí, tó ti páálí òfìfo padà sórí pẹpẹ, tó sì fi ìgò náà sábẹ́ aṣọ nínú báàgì, páálí yẹn nìkan ti tó láti fi èrò rẹ̀ hàn kó tó dé káńtà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí apẹ̀rẹ̀ gbé, tó wá fi agolo mílíìkì méjì sínú báàgì ara rẹ̀ lójúkorojú, tí ó sì ń lọ sí káńtà, ti ṣí ọjà nípò lóòótọ́, síbẹ̀ kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Olùpẹjọ́ ló ni ẹrù láti fi ẹ̀rí hàn kọjá iyèméjì, ìdí sì nìyí tí agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ béèrè fídíò kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé.

Ìjìyà

Abala 390 nínú Criminal Code fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sí olè jíjà. Bí ohun tí wọ́n jí bá tó ₦1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ọdún 7. Wọ́n ti kọ iye yẹn kí owó náírà tó já wálẹ̀ tó báyìí. Lónìí, búrẹ́dì ńlá kan lè ju ₦1,000 lọ. Ní Èkó, òfin ìwà ọ̀daràn ìpínlẹ̀ náà ti 2015 ni wọ́n ń lò, abala 287 rẹ̀ sì fi ọdún 3 sí i. Bí àwọn ọ̀rẹ́ méjì bá jọ lọ, ọlọ́pàá sábà máa ń fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀, ìyẹn jíjọ gbìmọ̀ láti dá ẹ̀ṣẹ̀, lábẹ́ abala 411 òfin Èkó yẹn kún un. Ẹni tó gba ọjà náà lọ́wọ́ wọn, tó sì mọ̀ pé wọ́n jí i ni, lè rí ìyà tó ju tiwọn lọ: ọdún 14 ni abala 427 nínú Criminal Code fi sí i.

Òkè téńté ìyà ni iye wọ̀nyí. Májísíréètì lè fi owó ìtanràn tàbí iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n, pàápàá bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá jẹ́ àkọ́kọ́, tí ọjà sì ti padà sọ́wọ́ olóhun. Ní ìhà àríwá, Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tibẹ̀, ló wà, abala 287 rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5, owó ìtanràn tàbí méjèèjì sí i. Òfin Ṣàríà tún wà ní àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀.

Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé iwájú adájọ́

Apá yìí ló sábà máa ń dun ọ̀dọ́ jù, kódà nígbà tí ẹjọ́ kò bá lọ jìnnà.

Sẹ̀kiúrítì ṣọ́ọ̀bù lè mú ẹni tó jalè lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kíá. Kíkó ènìyàn sí yàrá ẹ̀yìn láìnídìí òfin jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, abala 365 nínú Criminal Code fi ọdún 2 sí i. Ẹni tó lù ú tàbí tó bọ́ aṣọ lára rẹ̀ náà lè jẹ́jọ́. Lábẹ́ àtúnṣe òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí Èkó ṣe ní 2021, ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ tò ẹni tí wọ́n fura sí síwájú àwọn oníròyìn.

Ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí kì í dé tẹ́ṣàn rárá: ṣọ́ọ̀bù á ní kí òbí wá san owó ọjà náà ní ìlọ́po, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹni tó gba owó kí ó má baà fi ẹjọ́ sun gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Níwọ̀n bí olè jíjà ti ní ìyà ọdún 3, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lójú Criminal Code, abala 127 sì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 jẹ ẹni tó gba nǹkan láti bò ó mọ́lẹ̀.

Ní tẹ́ṣàn, abala 35 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 ló ń dáàbò bo ẹni tí wọ́n mú. Ó lè dákẹ́ títí tí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́, Yorùbá náà wà níbẹ̀. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Béèlì ọ̀fẹ́ ni ní tẹ́ṣàn. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ACJA ti 2015, tún ní kí wọ́n má ṣe mú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n dípò ẹni tó sá, kí wọ́n má sì kọ obìnrin ní onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.

Níbi béèlì kóòtù ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ lè béèrè onídùúró tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ní ìwé owó orí, tí wọ́n sì ti yẹ ilé rẹ̀ wò. Ọmọ ogún ọdún tí àwọn ẹbí rẹ̀ wà ní abúlé kò ní tètè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí, ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri tàbí Ìkòyí ní Èkó, Àgodi ní Ìbàdàn, ni yóò ti máa dúró de ọjọ́ ẹjọ́. Àwọn tí kò tíì gba ìdájọ́ ju ìdajì lọ dáadáa nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà. Ìbẹ̀rù èyí ló ń mú kí àwọn mìíràn gbà pé àwọn jẹ̀bi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láìní agbẹjọ́rò. Wọ́n lè san owó ìtanràn kí wọ́n sì lọ sílé, àmọ́ orúkọ wọn ti wọ ìwé ẹlẹ́bi. Legal Aid Council, àti ní Èkó Office of the Public Defender, máa ń gba ẹjọ́ irú wọn láìgba owó.

Ẹni tí kò tíì pé 18

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Yorùbá ti ṣe tiwọn, ní Kóòtù Ẹbí ni kó gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé. Kò gbà kí wọ́n sọ ọmọdé sí ẹ̀wọ̀n.

Lẹ́yìn ìdájọ́

Ìwé ẹ̀rí ìwà tí ọlọ́pàá ń kọ fún ẹni tó ń wá físà lè gbé ìdájọ́ náà jáde. Ẹni tó fẹ́ di agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìwà òun dára kí wọ́n tó gbà á wọlé. Abala 66 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè sì ní ẹni tí wọ́n bá dájọ́ fún lórí ẹ̀ṣẹ̀ àìṣòótọ́ kò lè du ipò sẹ́nétọ̀ tàbí aṣojú-ṣòfin kí ọdún 10 tó pé. Abala 107 sọ irú rẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀.

Ti yunifásítì gba ìṣọ́ra. Nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé kóòtù ló lágbára láti dá ẹ̀sùn ọ̀daràn, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ìbáwí ilé-ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lé nítorí ẹ̀sùn olè tí kóòtù kò tíì gbọ́ lè gbé ilé-ìwé lọ sí kóòtù lórí ìdájọ́ yìí. Ní ti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, abala 212 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè fún gómìnà láṣẹ láti dárí jì í lẹ́yìn tó bá ti gba ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i.