Ẹran Gidi Ni Mo Ń Sè fún Un, Kí Ló Tún Kù? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àfikún Inú Oúnjẹ Ajá àti Ológbò

Ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ se oúnjẹ fún ajá tàbí ológbò kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ahun. Ó ń ra ẹran gidi, ó ń bọ̀ ọ́, ó ń gé e wẹ́wẹ́, ó ń dúró kó tutù. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn ún wọra nígbà tí dókítà ẹranko bá sọ fún un pé oúnjẹ yẹn ò pé. Kí ni kò pé nínú ẹran? Àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ lemọ́lemọ́ nìyí, pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fọ̀. Èmi náà ń se ti ajá mi, nítorí náà kò sẹ́ni tí mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ta ló ń fún ìkookò ní fítámìn nínú igbó? Ẹran ṣáà ni wọ́n ń jẹ.

Ẹran kọ́ ni wọ́n ń jẹ, ẹranko ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti yàtọ̀ síra ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà. Ológbò tó bá pa eku á jẹ egungun rẹ̀, á jẹ ẹ̀dọ̀, á jẹ ọkàn, kò ní yọ ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ sílẹ̀. Àwa wá lọ ra igẹ̀ adìyẹ tí wọ́n ti yọ egungun àti awọ rẹ̀, a bọ̀ ọ́, a da omi rẹ̀ nù, a pò ó mọ́ ìrẹsì. Kálísíọ̀mù ti bá egungun lọ. Fítámìn A ti bá ẹ̀dọ̀ lọ. Tọ́ríìnì, èròjà kan tí ọkàn àti ojú ológbò kò lè ṣe láìsí, tí mo máa tó débẹ̀, apá kan bá ọkàn lọ, apá kan bá omi tí a dà nù lọ. Àfikún, ìyẹn fítámìn àti àwọn èròjà míì tí a ń bù sí oúnjẹ, kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́ orí oúnjẹ. Ohun tí a gé sọnù lára ẹranko náà là ń fi í dá padà.

Kí ló máa ń kọ́kọ́ kù?

Kálísíọ̀mù, láìsí àní-àní. Gíráàmù 100 ẹran tí kò ní egungun ní nǹkan bí mílígíráàmù 200 fọ́sífọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kì í sábà ju 20 lọ, nígbà míì kì í tó 10. Ohun tí ara ajá àti ológbò sì ń fẹ́ ni pé kí kálísíọ̀mù tó fọ́sífọ́ọ̀sì, ó kéré tán. Fún ajá, kó má ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Bí kò bá sí kálísíọ̀mù nínú abọ́, ara á lọ yá a lọ́wọ́ egungun. Àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké mẹ́rin kan wà ní ọrùn tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ṣọ́ iye kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti fẹ́ wálẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí egungun pé kó mú tirẹ̀ wá. Egungun á máa yọ̀ǹda, gbèsè á máa gorí gbèsè. Nínú ajá, egungun àgbọ̀n wà lára èyí tó máa ń tètè rọ̀, títí eyín á fi máa mì nínú èrìgì. Ọmọ ológbò tó ń jẹ ẹran lásán lè bẹ̀rẹ̀ sí í tiro láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀; á fò sílẹ̀ láti orí àga, ẹsẹ̀ á dá.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé: bí ẹ bá gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásìkò yẹn, kálísíọ̀mù lè pé pérépéré. Kí ni kò ní jẹ́ kó pé? Egungun ló ń san owó náà. Nítorí náà, "àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáa" kò túmọ̀ sí pé oúnjẹ rẹ̀ dáa.

Mo gbọ́ pé èèpo ẹyin ti tó. Ṣé òótọ́ ni?

Ó tó fún kálísíọ̀mù, kò tó fún ohunkóhun míì. Èmi náà ń lò ó. Mo máa ń ṣan án, mo máa ń yan án díẹ̀ kó gbẹ kó sì pa kòkòrò àìfojúrí, kí n tó dà á sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ kọfí. Nígbà àkọ́kọ́, ojú mi sọ fún mi pé ó ti kúnná. Mo wá fi ìka méjì ra á, mo gbọ́ kírìkírì bí iyanrìn. Mo dá a padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó gbọ́dọ̀ dà bí àtíkè, kó má sí ohun tó ń ha ọwọ́ nínú rẹ̀ rárá.

Èèpo ẹyin adìyẹ kan wọn nǹkan bí gíráàmù 5 sí 6, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ sì tó gíráàmù 2. Ẹ bá mi ṣírò: kílò ẹran kan ní nǹkan bí gíráàmù 2 fọ́sífọ́ọ̀sì. Èèpo ẹyin kan ló gbé méjèèjì dọ́gba. Iyẹn fún àgbà ajá tí ara rẹ̀ le o. Ìyẹ̀fun egungun ń kó fọ́sífọ́ọ̀sì tirẹ̀ wá pẹ̀lú kálísíọ̀mù, torí náà ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀, kò sì dára fún ẹranko tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Ọmọ ajá ni kí ẹ má fi ojú ṣírò fún. Kálísíọ̀mù tó ń fẹ́ ju ìlọ́po méjì ti àgbà lọ fún oúnjẹ tí agbára rẹ̀ dọ́gba. Bó bá wá jẹ́ ọmọ ajá ìran ńlá, irú èyí tó máa ju kílò 30 lọ bó bá dàgbà, àpọ̀jù náà léwu. Ìfun ọmọ ajá kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ti ìlẹ̀kùn: ọ̀pọ̀ èyí tó bá wọlé ló ń gbà, egungun àti oríkèé rẹ̀ á sì dàgbà ní wíwọ́. Àìtó ń ba egungun jẹ́, àpọ̀jù ń bà á jẹ́. Ẹ fà á lé ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Ajá mi ń yá oòrùn lójoojúmọ́. Ṣé fítámìn D rẹ̀ kò tíì tó?

Awa èèyàn ni oòrùn ń ṣe é fún. Nínú awọ ajá àti ológbò, ohun tí oòrùn ìbá sọ di fítámìn D ni ara wọn ti ń yí padà sí nǹkan míì kí oòrùn tó débẹ̀. Ẹnu ni tiwọn ń gbà wọlé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì wà nínú ẹran.

Ṣé ajá àti ológbò ò lè jẹun nínú ìkòkò kan náà?

Ajá lè jẹ ti ológbò díẹ̀ kó má kú. Ológbò tó bá ń jẹ ti ajá lójoojúmọ́ ti wọ gàù.

Ẹ wo tọ́ríìnì. Ọ̀pọ̀ ajá lè fúnra wọn ṣe é látinú àwọn èròjà míì tó wà nínú ẹran. Èyí tí ológbò ń ṣe kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ná an bí ẹni tí owó ń bù sọ: òun ló fi ń ṣe òróòro rẹ̀ lójoojúmọ́, apá kan á sì bá ìgbẹ́ lọ. Lọ́dún 1975 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé àìsí tọ́ríìnì ló ń pa awọ ẹ̀yìn inú ẹyinjú ológbò, títí ojú á fi fọ́. Lọ́dún 1987, Paul Pion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of California, Davis, tún fi hàn pé òun náà ló wà nídìí àrùn ọkàn kan tó ń pa ológbò: ọkàn á fẹ̀, iṣan rẹ̀ á fẹ́lẹ́, agbára àtiti ẹ̀jẹ̀ jáde á tán nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní tọ́ríìnì, ọkàn ọ̀pọ̀ lára wọn bọ̀ sípò. Ojú tó ti fọ́ kì í padà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yẹn ni pé oúnjẹ tí wọ́n ń rà ní ilé ìtajà ni àwọn ológbò wọ̀nyẹn ń jẹ, kì í ṣe èyí tí ẹnìkan sè nílé. Àwọn ilé iṣẹ́ gan-an ṣì í, wọ́n tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi béèrè tọ́ríìnì ìlọ́po méjì nínú oúnjẹ inú agolo ju ti inú àpò lọ, nítorí ohun tí iná ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń dí i.

Nínú ilé, omi ni ọ̀tá rẹ̀. Tọ́ríìnì ń yòrò sínú omi tí ẹ fi bọ ẹran. Ẹ má da omi yẹn nù, ẹ dà á lé oúnjẹ náà. Ó pọ̀ nínú ọkàn àti itan adìyẹ, ó kéré nínú igẹ̀ funfun, kò sí nínú ìrẹsì. Síbẹ̀, fún ológbò, èmi ò ní gbára lé omi ẹran nìkan. Mo máa bu tọ́ríìnì funfun tó dá wà sí i.

Kì í sì í ṣe tọ́ríìnì nìkan. Kárọ́ọ̀tì tí ajá ń sọ di fítámìn A, ológbò kò lè ṣe é. Ti inú ẹran, tó ti di fítámìn tán, ló ń fẹ́. Bákan náà ni àwọn ọ̀rá kan wà tó jẹ́ pé ara ẹranko nìkan ló ti ń rí i, òróró inú igi kò lè rọ́pò wọn.

Ẹ̀dọ̀ ní fítámìn A. Ṣé kí n máa fún un dáadáa?

Díẹ̀ dára. Èyí tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ bí oúnjẹ òòjọ́ wà nínú ewu, nítorí àpọ̀jù fítámìn A kì í tètè jáde kúrò lára. Inú ara ló ń kó jọ sí. Nínú ológbò, egungun ọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lé ara wọn, wọ́n á lẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ni ín lè kọ́kọ́ kíyè sí i pé irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń lọ́ pọ̀ dọ̀tí, ológbò tó máa ń lá ara rẹ̀ mọ́ tónítóní tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Ọrùn rẹ̀ kò yí dé ẹ̀yìn mọ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, òróró ẹ̀dọ̀ ẹja àti òróró ẹja kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti ẹ̀dọ̀ kún fún fítámìn A àti D. Ẹni tó bá ń fún ajá ní ẹ̀dọ̀, tó tún ń kán òróró ẹ̀dọ̀ ẹja sí i, ń fi méjì lé méjì ni.

Ẹja tútù ńkọ́? Ológbò fẹ́ràn ẹja.

Àwọn ẹja kan wà tó jẹ́ pé, bí a kò bá sè wọ́n, ohun kan wà nínú wọn tó ń fọ́ fítámìn B1 túútúú. Ológbò tí B1 rẹ̀ bá tán á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, orí rẹ̀ á tẹ̀ kọ́ sí àyà bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀, gìrì lè tẹ̀lé e. Pàjáwìrì nìyẹn. Iná ń pa ohun tó ń fọ́ ọ yẹn, ṣùgbọ́n iná náà ń dín B1 kù, torí náà ẹ jẹ́ kí oúnjẹ lọ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó bu fítámìn sí i.

Ẹja ọlọ́ràá lójoojúmọ́ láìsí fítámìn E náà máa ń jẹ́ kí ọ̀rá abẹ́ awọ ológbò wú, kó sì máa dùn ún débi pé kò ní fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án.

Ṣé mi ò lè fún un ní fítámìn tí èmi fúnra mi ń lò?

Ẹ má ṣe é. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kì í tó, fítámìn D àti áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sì lè pọ̀ jù fún ẹranko kílò mẹ́rin. Èyí tó burú jù ni àwọn tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu bíi súìtì: wọ́n máa ń fi xylitol dùn ún. Xylitol ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá já wálẹ̀, nígbà míì kí wákàtí kan tó pé, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Fítámìn C ńkọ́?

Ẹ̀dọ̀ wọn ń ṣe é. Ẹ fi owó yín pamọ́.

Mo rí ìlànà sísè kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dókítà ẹranko ló kọ ọ́. Ṣé kí n tẹ̀ lé e?

Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ní University of California, Davis, kó 200 ìlànà oúnjẹ àgbà ajá jọ, látinú ìwé àti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ṣírò ohun tó wà nínú wọn. 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kéré tán èròjà kan kò tó nínú rẹ̀. Àwọn tí dókítà ẹranko kọ wà lára wọn. Lọ́dún 2019, wọ́n ṣe ti ológbò: ìlànà 114, kò sí ẹyọ kan tó pé. Síńkì, fítámìn D, fítámìn E àti kólíìnì wà lára àwọn tó máa ń kù.

Ẹ̀tàn míì tún wà tí mo ti rí lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ni kí wọ́n ní ẹ fi oríṣiríṣi oúnjẹ gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, pé ohun tó kù lónìí á pé lọ́la. Bí gbogbo ìlànà bá jọ ń pàdánù síńkì, ẹ pààrọ̀ wọn bí aṣọ, síńkì ò ní dé. Èyí tí mo fọkàn tán ni èyí tí dókítà ẹranko tó kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ bá kọ fún ajá yín gan-an, tó dárúkọ àfikún, tó sì kọ iye gíráàmù sí i. "Fi fítámìn sí i" kì í ṣe ìlànà.

Oúnjẹ inú àpò ló ń jẹ, ẹran tí mo sè ni mo fi ń lé e díẹ̀.

Bí èyí tí ẹ sè kò bá ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ, kò nílò àfikún kankan. Tó bá ti ń dé ìdajì, ẹ ka gbogbo ohun tó wà lókè yìí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìlànà mi pé, dókítà ti wò ó. Ṣé ohunkóhun lè bà á jẹ́?

Ṣíbí lè bà á jẹ́. Mo wọn ìyẹ̀fun èèpo ẹyin lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú ṣíbí kan náà: ìgbà kan mo fi ọ̀bẹ ré orí rẹ̀, ìgbà kan mo bù ú bó ṣe wá, ìgbà kẹta mo kó o gègèrè. Òṣùwọ̀n fún mi ní iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti ẹ̀kẹta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà ni òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ajá mi. Ohun kejì tó ń ba ìlànà jẹ́ ni ìyípadà díẹ̀díẹ̀: itan wọ́n lónìí, a ra igẹ̀; àfikún tán, a ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀; òróró ti a ní ká fi sí i, a rò pé ọ̀rá ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, orúkọ ìlànà yẹn nìkan ló kù nínú abọ́. Mo kọ ti ajá mi sára bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, mo sì ń fi bírò sàmì sí ohunkóhun tí mo bá yí padà, kí n lè fi han dókítà nígbà tí a bá lọ.