Ibi Tí Ìda Bá Bò, Aró Ò Ní Dé Ibẹ̀: Bí Bátíkì Ṣe Ń Di Aṣọ

Abẹ́rẹ́ máa ń tiraka kó tó wọ bátíkì, aṣọ tí wọ́n fi ìda àti aró ya ọnà sí; ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni ọ̀rọ̀ náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní erékùṣù Jáfà, ní Indonéṣíà, aṣọ funfun tí wọ́n hun pinpin ni wọ́n ń lò. Bí híhun rẹ̀ bá ṣí, ìda gbígbóná á tàn kọjá ojú ìlà, ọnà tẹ́ẹ́rẹ́ á bàjẹ́.

Canting ni wọ́n fi ń yàwòrán: ife bàbà kékeré tó ní ẹnu ṣóńṣó, tó jókòó sórí ọ̀pá. Obìnrin tó mú un lọ́wọ́ á bu ìda oyin tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ oje igi, á fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ife náà kó má bàa dí, á wá máa fà á lọ. Tó bá parí ojú aṣọ, á yí i padà, á tún fa ìlà kan náà sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà náà ni aṣọ ń wọnú aró ẹ̀lú. Wọ́n á ha ìda kan kúrò, wọ́n á fi òmíràn bo ibòmíràn, wọ́n á rì í sínú sogan, aró aláwọ̀ ilẹ̀ tí Yogyakarta àti Solo, ìlú méjì ní Jáfà, fi lókìkí. Omi gbígbóná ló ń kó ìda tó kù jáde. Aṣọ kan lè gba oṣù mélòó kan.

Àárín ọ̀rúndún 19 ni òǹtẹ̀ bàbà tí wọ́n fi ń tẹ ìda sára aṣọ dé, iṣẹ́ sì yá. Lásìkò yẹn náà ni àwọn ará Họ́láńdì ń fi ẹ̀rọ ṣe ayédèrú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Vlisco ti wà ní Helmond láti 1846. Oje igi tí wọ́n lò ń sán, aró ń gba ojú sísán náà wọlé bí iṣan. Àwọn ará Jáfà ò gba tirẹ̀, àmọ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni àǹkárá ti ṣẹ̀. (Ọ̀pọ̀ àǹkárá ọjà òde òní ò fojú kan ìda rí; ojú kan ni wọ́n tẹ̀.)

Ẹ̀yìn aṣọ ló ń tú àṣírí. Láfún tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ ò kọjá ojú kan, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dúdú ṣáá. Bátíkì gidi ò ní ojú, kò ní ẹ̀yìn.

Èyí ló mú un wu àwọn tó ń rán kúíìtì ní Amẹ́ríkà, ìyẹn aṣọ ìbora tí wọ́n fi àwẹ́ aṣọ rán pọ̀ tí wọ́n sì ki òwú sáàárín. Ewé tí wọ́n gé lè kọjú sọ́tùn-ún tàbí sósì, bákan náà ni, etí rẹ̀ kì í sì tètè tú. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tuntun, tó mú ṣóńṣó, nọ́ńbà 70 tàbí 80, ni máṣíìnì ń fẹ́. Èyí tó ti kú á máa ró pọ́-pọ́, ihò rẹ̀ ò sì ní pa dé. Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ rán an, ọmọ ìka rẹ̀ á jẹ́rìí. Kí wọ́n tó gé èyí tó pọ́n tàbí tó dúdú, ó yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Bí ìda bá ṣì le lára rẹ̀, ìwé pélébé méjì àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná ti tó: ìwé ni yóò mu ún.