Kọmpáìlì Tó Yege Kò Ní Kí Pọ́ńpù Má Ṣìṣe

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Kubwa sábà máa ń bi mí pé, "Ọ̀gá, main dà?" Ẹni tó ti fi èdè C kọ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà rí ló ń béèrè bẹ́ẹ̀, torí main ni ibi tí ètò C ti ń bẹ̀rẹ̀, setup àti loop nìkan ló sì ń rí nínú kóòdù Arduino, bọ́ọ̀dù kékeré tí a fi ń darí ẹ̀rọ. Main wà níbẹ̀, inú fáìlì mìíràn tí Arduino gbé wá ló wà. Òun ló ń pe setup lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì máa pe loop lọ́ọ́lọ́ títí iná yóò fi lọ.

Ká ní pọ́ńpù tó ń fa omi sí táńkì òkè lò ń ṣe. Setup lo ti máa sọ pé relay (swíìṣì tí bọ́ọ̀dù fi ń tan pọ́ńpù) wà ní pin 8 (ẹsẹ̀ tí a ń so wáyà mọ́), pé swíìṣì inú táńkì wà ní pin 2. Yíyẹ omi wò, títan pọ́ńpù àti pípa á di iṣẹ́ loop. Bí iná bá lọ tó sì dé (ẹ kúkú mọ ìlú wa), setup ni yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kóòdù ò sọnù, àmọ́ gbogbo iye tó wà nínú RAM, ìrántí onígbà díẹ̀, ti lọ.

Chip ATmega328P tó wà lórí Uno R3 (ọ̀kan lára bọ́ọ̀dù Arduino) ò gbọ́ C++, èdè tí a fi ń kọ kóòdù yìí. Orí laptop ni avr-gcc (kọmpáìlà, ètò tó ń túmọ̀ kóòdù) ti ń sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ, kí ètò mìíràn, avrdude, tó gbé e gba wáyà USB wọ inú flash (ìrántí tí kì í pa rẹ́ bí iná bá lọ) tó jẹ́ 32 KB. Bí kóòdù ṣe bá òfin èdè mu ni avr-gcc ń yẹ̀ wò. Èrò ọkàn rẹ ò yé e.

Wo èyí:

int ibere = millis();
if (millis() - ibere >= 600000) paPompu();

Millis ń ka iye ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tí bọ́ọ̀dù ti fi wà lórí iná; ìgbà tí pọ́ńpù bá tàn la ń kọ ọ́ sínú ibere, paPompu ló sì ń pa pọ́ńpù. Pọ́ńpù yẹ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹn 600,000. Kóòdù náà kọmpáìlì dáadáa, kódà lórí tábìlì ó ṣiṣẹ́, torí kò pẹ́ tí o tan bọ́ọ̀dù tí o fi dán an wò. Àmọ́ int (irú àpótí nọ́ńbà kan) orí Uno R3 ò lè gbà ju 32,767 lọ, millis sì ń kọjá iye yẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 33. Bí bọ́ọ̀dù bá ti wà lórí iná fún wákàtí kan gééré, millis á jẹ́ 3,600,000, àmọ́ torí pé int ti kún tó sì yí padà, -4,480 ni yóò wà nínú ibere. Yọ ìyẹn kúrò nínú 3,600,000, ó ti ju 600,000 lọ fíìfíì. Bí pọ́ńpù bá ṣe ń tàn ni yóò ṣe máa kú, onílé á sì máa bú ẹni tó ta pọ́ńpù fún un.

Unsigned long (àpótí nọ́ńbà tó tóbi ju int lọ, tí kì í gba nọ́ńbà òdì) ni kí o fi kọ ibere. Òun náà máa ń kún lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 50, tí millis á sì padà sí òdo, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìyọkúrò lo fi ń ṣírò àkókò, ìdáhùn kò ní yẹ̀.