Àṣìṣe Ọ̀pẹ̀ àti Àṣìṣe Ọ̀ta Nídìí Ayò Chess

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ta ayò chess tán, kọ̀ǹpútà ló máa ń ṣírò àṣìṣe. Ètò bíi Stockfish á wo bí nǹkan ṣe rí kí ẹni náà tó gbé ọmọ ayò, á sì tún wò ó lẹ́yìn tó gbé e. Ohun tó sọnù láàárín méjèèjì ni ìwọ̀n àṣìṣe náà. Pọ́ọ̀nù (pawn), ọmọ ayò tó kéré jù, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ẹni tó fi ẹṣin ṣòfò pàdánù nǹkan bíi pọ́ọ̀nù 3, ẹni tó fi ayaba ṣòfò, nǹkan bíi 9. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti borí dé góńgó, ẹṣin kan tó lọ lè má yí nǹkan kan padà. Ìdí nìyẹn tí Lichess, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta chess, fi ń wo bí ìrètí àtiborí ṣe já wálẹ̀ tó.

Ọ̀pẹ̀ lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ léraléra nínú ayò kan ṣoṣo: á gbé ọmọ síbi tí wọ́n ti lè jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnìkejì náà ò sì ní rí i. Bí ọwọ́ bá ṣe ń mọ́ ọn, àṣìṣe náà ń dínkù. Ọ̀ta tó ní àkókò tó pọ̀ lè ta ọ̀pọ̀ ayò láìṣe ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan kọ́. Lọ́dún 2016, Ashton Anderson, Jon Kleinberg àti Sendhil Mullainathan gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ipò tí ọmọ tó ṣẹ́kù lórí pátákó ò ju 6 lọ, nítorí kọ̀ǹpútà ti mọ ìdáhùn wọn láìkù síbì kan. Wọ́n gbé ìmọ̀ ẹni tó ń ta á yẹ̀ wò, àti àkókò tó kù fún un, àti bí ipò náà ṣe le tó: nínú gbogbo ìgbésẹ̀ tí òfin gbà láyè, mélòó ló máa ba ayò jẹ́? Bí ipò ṣe le tó yìí ló tọ́ka ibi tí àṣìṣe máa wà jù lọ, ó ju ìwọ̀n Elo, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn ìmọ̀ ẹni tó ń ta ayò, lọ dáadáa. Kódà, àwọn ipò kan wà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ti ń ṣìṣe ju àwọn tí kò tó wọn lọ.

Ọ̀ta sì lè ṣubú níbi tó tẹ́jú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, ní ìlú Bonn ní Jámánì, Vladimir Kramnik tó jẹ́ ọba ayò àgbáyé gbé ayaba rẹ̀ lọ sí e3, ọ̀kan lára àwọn ojú ilé orí pátákó. Ìgbésẹ̀ kan péré, Deep Fritz, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n jọ ń ta á, fi ayaba tirẹ̀ pa ọba rẹ̀ ní h7. Ẹṣin tó wà ní f8 ló ń ti ayaba náà lẹ́yìn, ẹṣin kì í sì í sábà ti ibẹ̀ yẹn ṣọṣẹ́, ojú tí ọ̀pọ̀ ọdún ti kọ́ sì ti mọ́ ibòmíràn.

Ní Sochi ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2014, níbi ìdíje fún ipò ọba ayò àgbáyé, Magnus Carlsen gbé ọba rẹ̀ lọ sí d2. Viswanathan Anand tí wọ́n jọ ń ta á ì bá fi ẹṣin jẹ pọ́ọ̀nù tó wà ní e5, kí ayò sì yí padà. Ohun tó ti ní lọ́kàn láti ṣe tẹ́lẹ̀ ló ṣe: ó ti pọ́ọ̀nù rẹ̀ sí a4. Carlsen ló borí lọ́jọ́ náà.