Bí wọ́n ṣe ń fojú lásán díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀

Àwọn ìràwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ wọn kì í dúró sójú kan, wọ́n á mọ́lẹ̀ gan-an, tó bá yá wọ́n á tún ṣú. Betelgeuse wà lára wọn, èyí tó pọ́n díẹ̀ nítòsí ìràwọ̀ mẹ́ta tó máa ń tò tẹ̀léra wọn yẹn. Ní February 2020 ó ṣú débi pé àwọn kan ti ń sọ pé ó fẹ́ bú gbàmù, àṣé eruku tí òun fúnra ẹ̀ tú jáde ló bò ó lójú.

Àwọn tẹlisikóòpù ńlá ńlá ò fi bẹ́ẹ̀ rọ́gbọ́n dá sírú èyí o, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù fún kámẹ́rà wọn, wọn ò sì ráyè máa wo ìràwọ̀ kan ṣoṣo lálaalẹ́. Àwọn tó ń wòran lẹ́yìnkùlé ilé wọn ló ń ṣe é.

Ojú ò lè sọ pé báyìí gan-an ni ìmọ́lẹ̀ kan ṣe tó, àmọ́ ojú mọ èyí tó ju èkejì lọ. Torí ẹ̀ wọ́n á wá ìràwọ̀ méjì tí wọ́n ti mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ wọn ṣe tó, ọ̀kan tó mọ́lẹ̀ ju Betelgeuse lọ, ọ̀kan tí ò tó o (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìràwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, ìyẹn máa ń da orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rú). Procyon jẹ́ 0.4, Aldebaran 0.9. Tí Betelgeuse bá wà láàárín wọn àmọ́ tó sún mọ́ Procyon díẹ̀, 0.6 nìyẹn.

Ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ́ òkùnkùn lára fún bí ogún ìṣẹ́jú, kò sí pé à ń tẹ fóònù. Wọn kì í tẹjú mọ́ ìràwọ̀ pupa pẹ́, torí bí èèyàn bá ṣe ń wò ó ló ń dà bíi pé ó ń mọ́lẹ̀ sí i, ẹ kàn fojú kàn án kẹ́ ẹ gbójú kúrò. Èyí tó bá sì ti rẹlẹ̀ sísàlẹ̀ ọ̀run, afẹ́fẹ́ àti eruku á ti jẹ lára ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí náà kí Betelgeuse àti ìràwọ̀ méjì tí wọ́n fi ń díwọ̀n ga bákan náà.

Wọ́n á wá kọ nọ́ńbà, orúkọ ìràwọ̀ méjì tí wọ́n fi díwọ̀n, àti àsìkò ní UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé jọ ń lò (ẹ yọ wákàtí kan kúrò nínú ti Nàìjíríà), wọ́n á fi ránṣẹ́ sí AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà, tó wà ní Amẹ́ríkà látọdún 1911, ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹnì kan lè fi 0.2 ṣì í, àmọ́ tí ti ọ̀pọ̀ èèyàn bá pé jọ, àṣìṣe á máa pa ara wọn rẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í wo ohun tí wọ́n kọ nígbà tó kọjá kí wọ́n tó jáde, ẹni tó bá ti ní 0.6 lọ́kàn, 0.6 náà lojú ẹ̀ máa rí.